Ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ marching band, bàbá ẹ̀ ní òun ò gbọ́: ẹ bá mi dá sí i

ÌyáTòmíwá, Richmond Texas

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan ń gbóná nílé mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí bá mi dá sí i. Ìbàdàn la ti wá, a ò tíì pẹ́ púpọ̀ níbí, ọmọ mi obìnrin àgbà ló fẹ́ wọ kíláàsì kẹsàn-án ní high school ìjọba tó wà ládùúgbò wa. Ilé ìwé yẹn tóbi o, lójú mi ó fẹ́ẹ̀ tó yunifásítì. Wọ́n pe àwa òbí wá wo ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n to tábìlì yí gbọ̀ngàn ká, ẹgbẹ́ yìí ẹgbẹ́ yẹn, àwọn oní róbọ́ọ̀tì, oní díbéètì, HOSA ti àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà, àwọn eléré orí ìtàgé, mo ń tì í síbi HOSA, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀, ìdí àwọn tó ń ju àsíá sókè tí wọ́n ń hán an ló lọ dúró sí. Color guard ni wọ́n ń pè é, abẹ́ marching band ló wà. Ó ní ìyẹn lòun fẹ́.

Bàbá ẹ̀ ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun láéláé. Ó ní àwọn ò ta ilẹ̀ wá sí Amẹ́ríkà kí ọmọ òun wá máa ju àsíá kiri pápá. Mi ò lè dá a lẹ́bi tán torí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fún wa pọ̀: inú ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn Houston ń pani ni ìdánrawò máa ti bẹ̀rẹ̀, tí ilé ìwé bá wọlé wọ́n á tún máa pẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, gbogbo alẹ́ Fúráìdé wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lọ, Sátidé ìdíje, owó ẹ̀ lé ní 800 dọ́là, aṣọ ẹ̀ sì fún mọ́ ara. Èmi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, bàbá ẹ̀ ń wa Uber, ta ló máa lọ gbé e láàjìn? Àmọ́ ẹ̀yin ará, láti ìgbà tá a ti dé ọmọ yìí ò ní ọ̀rẹ́ kankan. Yàrá ẹ̀ àti fóònù ni. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáKọ́lá, Bowie Maryland

Madam ẹ kú àmójútó ọmọ. Ẹ má bínú o, ẹ̀yìn ọkọ yín lèmi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Maryland, mo ti rí ọmọ tó fi báǹdì bẹ̀rẹ̀ tó parí ẹ̀ sí C, C, C. Tó bá di dandan kó ṣe nǹkan mọ́ ìwé, ẹ ní kó lọ sáré tàbí kó gbá basketball, ìyẹn nìkan ni yunifásítì ń tìtorí ẹ̀ sanwó. Àwọn ọmọ Ogwumike tó ń gbá basketball ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀ ni wọ́n ti jáde, high school ìjọba ni Cy-Fair. Ẹ sì rántí wípé ó gbọ́dọ̀ ṣe wákàtí 75 iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ìlú kí wọ́n tó lè fún un ní sáfíkéètì, ìgbà wo ló máa ráyè ṣe é?

Dẹ́wùnmí02

Ẹ káàsán ma, ẹ káàsán sà. Daddy Kọ́lá ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀dọ̀ yín ní Maryland ni wákàtí 75 yẹn wà, ìjọba Texas ò bi ẹnì kankan ní irú ẹ̀. Ọmọ mummy lè jáde láì ṣe ìṣẹ́jú kan.

Katy ni mo dàgbà sí, mo ṣe color guard títí mo fi jáde, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọn kì í ráyè ṣàlàyé fún òbí lálẹ́ ìpàdé. Àkọ́kọ́, kíláàsì ni báǹdì, kì í ṣe eré ìrọ̀lẹ́ lásán. Ó máa wà nínú timetable ẹ̀, wọ́n máa fún un ní máàkì. Texas ní kí gbogbo ọmọ ní kírẹ́dítì kan nínú fine arts àti kírẹ́dítì kan nínú PE kí wọ́n tó jáde. Báǹdì máa ń dí ti fine arts, marching tí wọ́n ń ṣe láti August títí dé November, ilé ìwé lè kà á mọ́ PE. Ti color guard gan-an ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kà á níbẹ̀, ilé ìwé kan ò jọ òmíràn.

Èkejì, wọn ò lè fi ọmọ sórí pápá títí ilẹ̀ fi máa ṣú lójoojúmọ́. UIL tó ń darí ìdíje ilé ìwé ìjọba ní Texas ti fi ìwọ̀n sí i, wákàtí mẹ́jọ péré lẹ́yìn ilé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀. Àmọ́ kí n má tan yín, bọ́ọ̀lù alẹ́ Fúráìdé àti ìdíje Sátidé ò sí nínú ìṣirò yẹn, tí ẹ bá kà á pọ̀ ó pọ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀kẹta, ní ti ìwé tí daddy ń bẹ̀rù: tí ọmọ bá gba ohun tó kéré sí 70 nínú iṣẹ́ kan, wọ́n máa dá a dúró. Ó lè máa bá wọn dánra wò, kò ní bá wọn jáde ìdíje, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó tún wo máàkì ẹ̀ bóyá ó ti gòkè. Láti 1984 lòfin yẹn ti wà, kò kúkú yọ ẹnì kankan sílẹ̀, yálà ó ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí ó ń fun fèrè. Àwọn director bẹ̀rù ẹ̀ ju òbí lọ, torí tí ẹnì kan bá kúrò nínú ìlà wọ́n ti to eré yẹn mọ́ ọn lára, ihò á kàn wà lórí pápá níbi tó yẹ kó dúró. Tèmi ò jẹ́ ká sinmi, ó ń wo máàkì wa lórí kọ̀ǹpútà bíi wòlíì.

Ohun tó dáa nínú color guard ni wípé wọ́n ń gba ẹni tí ò ṣe é rí. Ká ní clarinet ló lóun fẹ́ ni, kíláàsì kẹfà làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó máa nira fún un láti bá wọn.

TíṣàÀgbà, Ìbàdàn

Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé kì í ṣe calisthenics ni gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń ṣàlàyé? Níbi inter-house sports wa níbí, ọmọ tí wọn ò bá mú fún calisthenics àti march past ilé ló ti ń sunkún dé, bàbá ẹ̀ á tún wá bá wa jà ní ọ́fíìsì wípé kí ló dé tí a ò mú ọmọ òun. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣe é rí ní Ìbàdàn kẹ́ ẹ tó wá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú wípé ó ti ṣe é.

Ẹ̀gbọ́nRópò, Sugar Land

Dẹ́wùnmí àbúrò mi, o ṣé, o sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ o fo ibi tó wúwo jù kọjá. Rank.

Madam, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, kí ọkọ yín náà kà á. Ní Texas, ọmọ tó bá jáde nínú 10% tó ga jù ní ilé ìwé ẹ̀, gbogbo yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ gbà á wọlé, òfin 1997 ni. UT Austin nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti gé tiẹ̀ kù, fún àwọn tó ń wọlé láti 2026 ó ti di 5%. Nítorí náà ipò tí ọmọ wà nínú kíláàsì ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyangàn, owó ni, ọ̀nà ni. Báwo ni wọ́n wá ń ṣírò ipò? Kíláàsì AP, ìyẹn èyí tó le dé ìpele yunifásítì, máa ń ní ìwọ̀n tó ju kíláàsì lásán lọ. Ọmọ tó gba 95 nínú AP, wọ́n á ka tiẹ̀ sí ohun tó ju 95. Báǹdì ńkọ́? Kíláàsì lásán ni lọ́pọ̀ ibi. Ọmọ yín lè gba 100 nínú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí 100 yẹn fà á sẹ́yìn lẹ́yìn ọmọ tó fi AP dí àyè yẹn, tàbí ọmọ tí ò tiẹ̀ ṣe nǹkan kan ní àsìkò yẹn. Ọmọ gba 100, ipò ẹ̀ lọ sílẹ̀! Àwọn district kan, ìyẹn àwọn tó ń darí ilé ìwé ìjọba àdúgbò, ti rí i wípé kò bójú mu, wọ́n yọ fine arts kúrò nínú ìṣirò. Àwọn mìíràn máa ń jẹ́ kí ọmọ kọ̀wé pé kí wọ́n má ka ọdún kan tàbí méjì mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ò ṣe nǹkan kan.

Ẹ má lọ bi director báǹdì ní èyí o, òun ní ọjà tó ń tà. Counselor ọmọ ni kẹ́ ẹ bá, ẹ ní kó fi hàn yín nínú ìwé district: ṣé fine arts wà nínú rank àbí kò sí? Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan.

Dẹ́wùnmí02

Ẹ̀gbọ́n ẹ jàre lórí rank, mi ò sọ ọ́ torí district tèmi ò kà á. Àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ gbọ́: ọmọ tó wọ kíláàsì kẹsàn-án láì mọ ẹnì kankan, ilé ìwé tí ọmọ lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí ọjọ́ àkọ́kọ́ bá pé ó máa mú oúnjẹ dání kò ní mọ ibi tó máa jókòó. Àwọn báǹdì ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú kí ilé ìwé tó wọlé, ọjọ́ tí ó bá wọlé ó ti ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó mọ orúkọ ẹ̀. Rank kò ṣe ìyẹn fún ẹnì kankan.

Ẹ̀gbọ́nRópò, Sugar Land

Ó lè ní ọ̀rẹ́ nínú HOSA náà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù ni wọ́n ń pàdé, owó ẹgbẹ́ ẹ̀ ò tó nǹkan, ó sì bá nọ́ọ̀sì àti dókítà mu.

Dẹ́wùnmí02

Tó bá jẹ́ dókítà lòun fẹ́ ṣe. Mummy ò sọ bẹ́ẹ̀, mummy ní àsíá ló lọ wò 😂

Nọ́ọ̀sìFúnkẹ́

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Madam, kí ni genotype ọmọ? Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ẹnì kankan ò béèrè. Oòrùn August ní Houston lórí ilẹ̀ kọnkéré ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí kì í ṣe eré. Tó bá jẹ́ SS, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá a ṣe láì rí dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀, ooru, àìmu omi tó àti agara lè fa crisis. Tó bá jẹ́ AS pàápàá, a máa ń rò nílé wípé AS ò ní wàhálà, lóòótọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ tí ènìyàn bá fi agbára ṣe eré ìdárayá nínú ooru láì sinmi nǹkan lè ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì, fi ń fẹ́ mọ ti àwọn eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mi ò ní kó má lọ o. Kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìlera, sọ fún director àti trainer ní ẹnu, kí ọmọ fúnra ẹ̀ mọ̀ wípé tó bá rẹ òun kóun jókòó, kó má tijú. Omi, fìlà, kó jẹun kó tó jáde. Kò gbọ́dọ̀ fi ebi lọ torí àìráyè.

AlhajiGàní

Àsàlámù àléékù. Lórí aṣọ tó ń dun bàbá yẹn: ọmọbìnrin tèmi wà nínú báǹdì, híjáàbù ló fi ń ṣe é, àwọ̀ tó bá aṣọ wọn mu la rà, fìlà báǹdì wá gun orí ẹ̀. A kọ̀wé sí director ṣáájú ni, kì í ṣe lọ́jọ́ eré. Ti color guard, wọ́n máa ń lè fi aṣọ mìíràn sábẹ́ ẹ̀ kó bo apá àti ọrùn, ẹ kàn tètè sọ kí wọ́n tó ran aṣọ. Ẹ sì máa rí i wípé àwọn òbí tí kì í ṣe Mùsùlùmí pọ̀ tó fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ wọn, wọn ò mọ̀ pé àwọn lè béèrè ni.

Tẹ́ ẹ bá tún ń wá ibi tí ọmọ á ti rí ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn náà wà nínú ilé ìwé ìjọba, Mùsùlùmí àti Kìrìsítẹ́nì. Òfin ìjọba àpapọ̀ 1984 ló ní tí ilé ìwé bá ti gba ẹgbẹ́ kan tí kò bá ẹ̀kọ́ kíláàsì tan láyè, bíi ẹgbẹ́ ayò chess, kò lè ní kí ti ẹ̀sìn má ráyè. Wọ́n gbé e dé Supreme Court, kóòtù fọwọ́ sí i ní 1990.

MamaPraise, Pearland

Ògo ni fún Ọlọ́run! Mi ò mọ èyí rí. Màá ní kí youth pastor wa máa lọ bá wọn ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

AlhajiGàní

Mama ẹ dúró o. Òfin yẹn kan náà ló ní ará ìta ò gbọ́dọ̀ darí ẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ máa wá déédéé. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni, tíṣà kàn ń jókòó tì wọ́n. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n lè pe àlejò, pásítọ̀ tàbí àfáà.

BàbáKọ́lá, Bowie Maryland

Mo gbọ́ ti wákàtí 75, ẹ ṣé, Maryland nìkan ni. Àmọ́ ẹnì kankan ò dá mi lóhùn lórí scholarship. Nneka Ogwumike ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú draft WNBA, líìgì basketball àwọn obìnrin, ní 2012, Chiney náà ni 2014. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò! Ta ló ti ibi àsíá dé irú ibẹ̀?

KóòṣìLánre, Georgia

Bàbá Kọ́lá, mo ń ran àwọn eléré ìje lọ́wọ́ ní high school kan níbí, torí náà mi ò ní ta eré ìdárayá dànù. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí ló ń da òbí wa láàmú. Gbogbo yunifásítì kọ́ ló ń sanwó fún eléré. Àwọn tó wà ní Division III, ìpele kẹta nínú eré kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọn kì í fúnni ní kọ́bọ̀ torí eré, àwọn Ivy League, yunifásítì ńlá bíi Harvard, náà kì í fúnni, owó tí òbí ò ní nìkan ni wọ́n ń wò. Division I tó ń sanwó, wọ́n ń wo kíláàsì 16 tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe ní high school, gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò bá pé ẹsẹ̀ kì í ṣiṣẹ́. Lórí track pàápàá, kóòṣì á gé scholarship kan sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ púpọ̀. Àwọn ọmọ Ogwumike tẹ́ ẹ dárúkọ, Stanford ni wọ́n lọ. Ṣé ẹ rò pé ẹsẹ̀ nìkan ló gbé wọn débẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn yunifásítì kan wà tó ń fún ọmọ báǹdì lówó, pàápàá àwọn HBCU, ìyẹn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Prairie View tó wà lára wọn ò jìnnà sí madam, kó lọ wo Marching Storm, báǹdì wọn, lọ́jọ́ kan, kí bàbá náà tẹ̀lé e. Kí ọmọ wá fúnra ẹ̀ sọ ohun tó wù ú. Ọmọ tí wọ́n fi ipá mú wá sórí track, ìyípo kejì la ti ń dá a mọ̀.

ÌyáÌbejì, Katy

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, gbogbo yín ń yí i ká. 800 yẹn, wọn kì í gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n máa ń pín in láti May títí di ìparí ọdún, ẹ kàn ní kí wọ́n fi ètò ìsanwó ránṣẹ́. Tí owó tó ń wọlé yín bá jẹ́ kí ọmọ máa jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé, tàbí kó tiẹ̀ jẹ́ pé nǹkan le lásìkò yìí, ẹ kọ ímeèlì. Òfin ẹ̀kọ́ Texas ní kí district kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń mójú kúrò lára owó ilé ìwé fún ẹni tí kò lè san. Ẹ má tijú, a máa ń tijú jù, a ó fi ìtìjú gba iṣẹ́ kejì. Ibi tó ti díjú díẹ̀ ni wípé owó kan ti ilé ìwé ni, òmíràn ti booster club, ìyẹn ẹgbẹ́ òbí, òfin ò mú tiwọn bákan náà. Àmọ́ àwọn booster náà ní ọ̀nà: ẹ bá wọn ta hot dog àti omi níbi bọ́ọ̀lù, lọ́pọ̀ ibi wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú owó ọmọ. Èmi ti ta nachos títí, mo mọ orúkọ gbogbo òbí. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó ń bá mi gbé ọmọ wálé. Ọkọ yín tó ń wa Uber, ó lè yí àkókò ẹ̀ kó wà nítòsí lálẹ́ Fúráìdé, kó gbé ọmọ ẹ̀ fúnra ẹ̀, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Ohun kan tẹ́nì kankan ò ní sọ fún yín: homecoming, àjọ̀dún ọdọọdún ilé ìwé. Tó bá di September tàbí October wọ́n máa ń so òdòdó gàgàrà kan mọ́ àyà, mum ni wọ́n ń pè é, rìbọ́ọ̀nù ẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, agogo kéékèèké, ọmọ béárì ní àárín, Texas nìkan ni mo ti rí irú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra ti ìsọ̀ ẹ máa sunkún. Michaels àti Hobby Lobby ń ta gbogbo èròjà ẹ̀, ẹ ṣe é nílé. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlẹ̀kẹ̀ sí aṣọ òde, alẹ́ kan ló máa gbà á.

Akọ̀wé_K

Kí n fi díẹ̀ kún un, mo máa ń bá àwọn ọmọ kọ ìwé yunifásítì. Lórí Common App, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì, nǹkan mẹ́wàá péré ni àyè wà fún, ìkọ̀ọ̀kan sì ní lẹ́tà 150 pẹ̀lú àlàfo láti fi ṣàlàyé. Nítorí náà ẹ yéé kó ọmọ sí ẹgbẹ́ méjìlá. Ohun kan tó ṣe títí, tó dé ipò captain nínú ẹ̀, ó sàn ju ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kàn lọ jẹ pizza níbẹ̀. Èyí táwọn ọmọ wa ò sì mọ̀ ni wípé títọ́jú àbúrò nílé wà níbẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ owó. Ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tó ń dáná fún àwọn àbúrò, kó kọ ọ́! Ọmọ òyìnbó tó tọ́jú ajá aládùúgbò ti kọ tiẹ̀.

ÌyáTòmíwá, Richmond Texas

Ẹ ṣeun gbogbo yín, mi ò lè dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ ni mo ti dé. Nọ́ọ̀sì, AA ni, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. TíṣàÀgbà, ẹ gbọ́n o, lóòótọ́ ló ṣe calisthenics ní JSS, òun ló tiẹ̀ dúró níwájú, mo ti gbàgbé pátápátá.

Mo ka ti Ẹ̀gbọ́nRópò fún bàbá ẹ̀, ojú ẹ̀ là, ó ní ẹ ò rí i, òun ti sọ ọ́! Mo wá ka ti òfin 70 yẹn fún un, ó ní kí n tún un kà. Ibi tá a dé báyìí ni wípé a ti kọ ímeèlì sí counselor lórí rank, bàbá ẹ̀ ní òun fúnra òun ló máa lọ ìpàdé òbí báǹdì lọ́jọ́ Tuesday, ó ti kọ ìbéèrè sí ìwé bíi lọ́yà. Ó ní tó bá jẹ́ wípé fine arts wà nínú rank, color guard di ọdún kan péré, lẹ́yìn náà ká tún ọ̀rọ̀ sọ. Ọmọ ní òun gbà. Ti Sátidé ni wọn ò tíì parí, torí Sátidé ni ó ń bá mi tọ́jú àwọn àbúrò ẹ̀ kí n lè sùn. Ṣé ìdíje Sátidé máa ń gba odidi ọjọ́ ni?

Dẹ́wùnmí02

Odidi ọjọ́ ni ma, mi ò lè purọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo Sátidé, October ló pọ̀ jù. Tí báǹdì wọn bá dáa gan-an tí wọ́n fi dé ìdíje ìpínlẹ̀, San Antonio ni, nínú Alamodome, wọ́n máa sùn síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní kàlẹ́ńdà báyìí, ó ti wà nílẹ̀.

ÌyáÌbejì, Katy

Ẹ gba kàlẹ́ńdà kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí n mọ̀. Apá ibo ní Richmond? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ Grand Parkway, mo mọ ìyá kan tó lè máa gbé àwọn kékeré sọ́dọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, owó ẹ̀ ò wọ́n. Ẹ má kọ àdírẹ́sì yín síbí o, inbox ni kẹ́ ẹ wá.